Caspar Lehmann àti Ìwé Àṣẹ Ọdún 1609: Ọ̀rọ̀ lórí Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Iṣẹ́ Dígí Fínfín ní Prague

Nínú ìwé ńlá tí Joachim von Sandrart tẹ̀ jáde ní 1675, ó sọ pé Caspar Lehmann ni ó dá iṣẹ́ dígí fínfín sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn iṣẹ́ ọnà ni ó ti tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, tí wọ́n sì ń fi ìwé àṣẹ tí Olú-ọba Rudolf Kejì fún Lehmann ní 1609 gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ọba fún láṣẹ kí ó máa dá a ṣe.

'Fín' ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ afíngbá, ó sì bá iṣẹ́ yìí mu. Bí ó ti wù kí ó rí, dígí kì í ṣe igbá. Ọ̀bẹ kì í ràn án. Ọ̀nà méjì ni a mọ̀ ní ayé Lehmann. Èkíní ni kí a fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì ha ojú dígí ní ìlà tín-ín-rín. Ìjọba Venice ti fún Vincenzo d'Angelo ní àṣẹ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1549, ife tí a ha báyìí ní London sì wà tí ó ní ọdún 1577 lára.

Ọ̀nà kejì ni ti Lehmann. Àwo róbótó kéékèèké tí a fi bàbà ṣe ni irinṣẹ́ rẹ̀, a sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan há ẹnu ọ̀pá irin tí ń yí. Oníṣẹ́ a máa fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó ìsàlẹ̀ kí ọ̀pá náà lè yí, bí aránṣọ ti ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbà fúnra rẹ̀ kò le tó dígí. Lúúlúú òkúta ẹ́mẹ́rì tí a pò mọ́ òróró ni ó ń jẹ dígí. Iṣẹ́ bàbà kò ju kí ó gbé e yí lọ. Oníṣẹ́ kì í gbé irinṣẹ́ lọ bá dígí: dígí ni ó ń gbé wá sábẹ́ àwo náà, òróró dúdú a sì bo ibi tí ó ń fín, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ni ó ń gbára lé ju ojú lọ. Àwo ńlá wà fún ara ènìyàn, èyí tí ó kéré bí orí abẹ́rẹ́ wà fún irun. Ibi tí a fín jìn jù ni ojú ń rí bí ẹni pé ó yọ síta jù.

Kò sí ọ̀kan nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí tí ó jẹ́ tuntun. Àwọn tí ń fín òkúta iyebíye ti ń lò wọ́n tipẹ́, Ottavio Miseroni láti Milan sì ti dé Prague láti 1588. Ní 1601, oyè afín-òkúta-iyebíye ni Olú-ọba fi Lehmann jẹ, kì í ṣe oyè afíndígí. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá ti ń lọ dígí, wọ́n sì ń gé e, gẹ́gẹ́ bí ife Lycurgus ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ti fi hàn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Sandrart kò lè dúró bí ó ti wà. Nuremberg, níbi tí Sandrart ti lo ìgbà ogbó rẹ̀, ni ìdílé Schwanhardt, àrólé iṣẹ́ Lehmann, ti ń ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ìyìn ilé dàpọ̀ mọ́ ìtàn níhìn-ín.

Síbẹ̀, kò tọ́ láti sọ pé Lehmann kò ṣe nǹkan kan. Ife tí ó fi orúkọ àti ọdún 1605 sí, tí ó wà ní Prague, fi hàn pé ó mú ọgbọ́n tí a ń ná lórí òkúta olówó ńlá wá sórí ohun tí iná àti iyanrìn bí.

Nígbà tí ó kú ní 1622, Georg Schwanhardt, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ni ó jogún àṣẹ náà. Ogun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1618 lé e kúrò, ó sì gbé iṣẹ́ lọ sí Nuremberg. Báyìí ni ìwé tí a kọ ní Prague ṣe di ọrọ̀ ìlú mìíràn. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà ni Bohemia tó gba orúkọ rẹ̀ padà, nígbà tí àwọn tí ń yọ́ dígí níbẹ̀ fi eérú igi àti ẹfun ṣe dígí tí ó nípọn, tí ó sì le, tí àwo bàbà lè wọ̀ jinlẹ̀ láìfọ́ ọ.