Bí -ly Ṣe Gba Ìdí Ọ̀rọ̀-Àpọ́nlé Gẹ̀ẹ́sì

Kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ England lọ́dún 1066, fáwẹ̀lì e ni wọ́n sábà máa ń fi kún ìdí ọ̀rọ̀-àpèjúwe kó tó di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Ohun tó bá le, heard ni. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan kíkankíkan, hearde ló ń ṣe é.

Ọ̀nà míì tún wà. Lic ni wọ́n ń pe ara èèyàn, òun ló sì bí àfòmọ́ -lic: freond ni ọ̀rẹ́, freondlic ni ohun tó jọ ti ọ̀rẹ́. Wọ́n tún fi e kún èyí náà, ó di freondlice. -Lic àti -lice ló pa pọ̀ di -ly, ìyẹn ló jẹ́ kí friendly jẹ́ àpèjúwe nígbà tí slowly jẹ́ àpọ́nlé, ọ̀rọ̀ tó ti da orí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1400, e ìparí ti pòórá lẹ́nu àwọn èèyàn. Àpèjúwe àti àpọ́nlé wá ń dún bákan náà, -ly sì ráyè gbilẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi fast àti hard dúró bí wọ́n ṣe wà. Hard tilẹ̀ ní hardly lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ìtumọ̀ wọn ti pínyà pátápátá: ẹni tó works hard ń ṣiṣẹ́ kára, ẹni tó hardly works, agbára káká ló fi ń ṣiṣẹ́ rárá. Once àti twice kò bá -ly tan. S àtijọ́ tó ń fi oní-nǹkan hàn ló wà nídìí wọn.

William Bullokar tẹ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1586, ìlànà Látìn ló sì tẹ̀ lé. Àwọn onígírámà tó le koko dé lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1762, Robert Lowth ka àpọ́nlé tí kò ní -ly sí àṣìṣe, kò sì yọ àwọn òǹkọ̀wé bíi Dryden àti Swift sílẹ̀: wọ́n kọ extreme níbi tó ti fẹ́ extremely. Kò rò ó pé e tó ti kú ló fa irú lílò bẹ́ẹ̀. Lindley Murray, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní York, kó púpọ̀ nínú èrò Lowth sínú ìwé tó kọ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan lọ́dún 1795. Àtẹ̀túntẹ̀ ni wọ́n tẹ ìwé náà ní England àti Amẹ́ríkà, òfin pé kí àpọ́nlé ní -ly sì bá a wọ kíláàsì. Síbẹ̀, fast kò gba -ly títí dòní, slow sì ṣì ń jẹ́ àpọ́nlé nínú go slow, tí àwọn ará Èkó sọ di orúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.