Owó Ìwádìí àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Ìtàn Ìnáwó lórí Ìmọ̀ Ìbálòpọ̀ láti 1921 títí di 2025

1. Ìfáárà

Nígbà tí mo ń múra ìwé láti tọrọ owó fún ìwádìí tí mo fẹ́ ṣe lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, kókó tí mo yàn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ ń lò nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá bi wọ́n léèrè nípa ìbálòpọ̀. Àgbà kan tí wọ́n ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà bá mi kà á. Wọ́n ní: «Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n yọ "ìbálòpọ̀" kúrò nínú àkọlé. Kọ "ìlera ìdílé" síbẹ̀.» Mo dúpẹ́, mo sì yọ ọ́. Nígbà tí mo tún ìwé náà kà, mo rí i pé ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an ni kò sí lójú ìwé mọ́.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo bí wọ́n ṣe ń náwó lórí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Faransé, kí a tó padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kí owó tó ní ipa lórí ohun tí olùwádìí rí, ó ti kọ́kọ́ ní ipa lórí ọ̀rọ̀ tí ó fi ń béèrè. Ìdí nìyí tí ìtàn yìí fi kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè.

2. Rockefeller àti Kinsey

Ní 1921, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ National Research Council ní Amẹ́ríkà fún ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Owó Rockefeller ló ń gbé iṣẹ́ náà. Fún ìgbà pípẹ́, ìwádìí lórí ẹranko àti lórí iṣẹ́ inú ara ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ìyẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí pé eku kì í sọ̀rọ̀.

Ní 1941, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ Alfred Kinsey ní Yunifásítì Indiana. Onímọ̀ nípa kòkòrò ni tẹ́lẹ̀. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́nu wò. Wọn kì í ka ìbéèrè láti inú ìwé. Wọ́n ti há a sórí, wọ́n sì ń yí ọ̀rọ̀ padà kí ó lè bá ẹni tó jókòó níwájú wọn mu. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lò fún ọ̀mọ̀wé kọ́ ni wọ́n ń lò fún alágbàṣe. Àwọn onímọ̀ ìṣirò bá Kinsey wí nítorí pé kì í ṣe ìlànà ìṣirò ló fi yan àwọn olùdáhùn rẹ̀, àríwísí náà sì tọ́. Síbẹ̀, ó ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ kò lè dá ọ lóhùn.

Ìwé rẹ̀ lórí ọkùnrin jáde ní 1948, èyí tó dá lórí obìnrin sì jáde ní 1953. Ìjà ńlá tẹ̀lé èkejì. Nígbà náà, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tí Carroll Reece jẹ́ olórí rẹ̀ ń yẹ àwọn àjọ ìtọrẹ tí kì í san owó orí wò. Ní 1954, Rockefeller Foundation dá owó Kinsey dúró. Kinsey kú ní 1956.

3. Àrùn sídà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta

Nígbà tí àrùn sídà dé ní ọdún 1981 síwájú, gbogbo ìjọba rí i pé àwọn kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè ṣe ètò ìdènà àrùn tó ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ ràn, nígbà tí kò mọ ẹni tó ń bá ẹni lòpọ̀? Bí ojú bá ń ṣepin, ojú la fi í hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe é.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Margaret Thatcher kọ̀ láti náwó lórí ìwádìí náà ní 1989. Wellcome Trust, tí kì í ṣe ti ìjọba, ló gbà á. Ènìyàn 18,876 ló dáhùn ìbéèrè ní 1990 sí 1991. Àwọn olùwádìí ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí kékeré lórí èdè, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí dókítà kà sí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò yé ọ̀pọ̀. Nítorí náà, wọ́n fi lẹ́tà sórí káàdì ìdáhùn, kí olùdáhùn lè pe lẹ́tà láìpe ọ̀rọ̀ tó ń tì í lójú.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí Edward Laumann àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago ń múra sílẹ̀ fẹ́ gba owó ìjọba. Ní 1991, ilé aṣòfin dí owó náà lọ́nà. Àwọn àjọ ìtọrẹ dìde, ṣùgbọ́n owó wọn kò tó: dípò ogún ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n fọkàn sí, ènìyàn 3,432 ni wọ́n bi léèrè ní 1992. Iye yìí tó láti sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ìlú lápapọ̀. Nípa àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí àrùn náà ń bá jà jù, agbára rẹ̀ dín.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sanwó. Àjọ ANRS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 fún ìwádìí lórí sídà, gbé iṣẹ́ náà fún Alfred Spira, Nathalie Bajos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti bi ènìyàn 20,055 léèrè ní 1991 sí 1992.

4. Owó fún ènìyàn

Ìwádìí ńlá kan kì í sọ ìmọ̀ di ohun tó dúró. Àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ ló ń mú un dúró. Èyí ni SSRC rí ní Amẹ́ríkà nígbà tí Diane di Mauro kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1995 lórí ipò tí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ wà. Àléébù tó tẹnu mọ́ ni pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí kò ní ilé tirẹ̀ ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ètò tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà. Ford Foundation fi owó sílẹ̀, SSRC sì ṣètò owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń kọ ìwé àṣekágbá oyè ọ̀mọ̀wé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè náà. Ẹni tó bá gba owó gbọ́dọ̀ ní àgbà olùwádìí kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ètò yìí wà fún bí ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2003 fi hàn pé ilẹ̀ kò tíì le. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn aṣòfin kan fẹ́ gba owó ìjọba padà lórí àwọn ìwádìí ìbálòpọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí. Ìbò 212 sí 210 ni àbá náà fi ṣubú. Ìwé orúkọ àwọn olùwádìí àti iṣẹ́ wọn tún ń kiri lẹ́yìn èyí. Joanna Kempner bi àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ léèrè, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008: nǹkan bí ìdajì àwọn tó dáhùn sọ pé àwọn ti ń yọ ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀ kúrò nínú ìwé ìtọrọ owó àwọn. Owó kankan kò sọnù lọ́jọ́ ìbò náà. Ọ̀rọ̀ ló sọnù.

5. Nílé

Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2003-04 ti 3 oṣù kẹta ọdún 2003 ló sọ̀rọ̀ nípa ìlera ìbálòpọ̀ àti ìbísí. Wọ́n tún un ṣe ní 2021, ó sì fẹ ìdí tí obìnrin fi lè ṣẹ́yún lábẹ́ òfin. Èyí tó pọ̀ nínú òye tí ìjọba ní lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti inú ìwádìí EDS ti 1996, 2001, 2006, 2011–2012 àti 2017–2018. USAID ti Amẹ́ríkà ni igi lẹ́yìn ọgbà ètò EDS káàkiri ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kan péré nínú Faransé irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀: «partenaire sexuel». Ta ni èyí ní Nàgó? Ọkọ ni, aya ni, àfẹ́sọ́nà ni, tàbí àlè? Bí a bá bi ìyálé ilé kan pé àlè mélòó ni ó ní, a ti fi ẹ̀sùn kàn án; «n kò ní» ni yóò sọ. Bí a bá ní «ẹni tí ẹ sùn tì», ó lè ka àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà. Bí a bá ní «ẹni tí ẹ bá lòpọ̀», àgbàlagbà lè rò pé òwò ni a ń sọ. Nọ́ńbà kan ni yóò dé Kútọnu, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dáhùn.

6. Ìparí

Ìtàn yìí kọ́ wa ní nǹkan méjì. Èkíní, ìwádìí tó ní olówó kan ṣoṣo ń dúró nígbà tí olówó náà bá bínú. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ nítorí pé ẹlòmíràn wà tó lè sanwó. Èkejì, iṣẹ́ lórí èdè kò wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́ ìṣirò. Owó ọdún méjì fún ọ̀mọ̀wé tuntun kan tó gbọ́ Nàgó, tí yóò jókòó ti àwọn ènìyàn ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, kéré gan-an sí owó ìwádìí ńlá kan tí ìbéèrè rẹ̀ kò yé àwọn olùdáhùn.

Ní tèmi, mo ti dá ọ̀rọ̀ náà padà sínú àkọlé. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á fún mi lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.