Ìlà Tó Pòórá Nínú Àdéhùn Unity

Nígbà tí ariwo Unity ta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, orí iye owó tí Unity ní òun yóò máa gbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ kà. Èmi tí mo ń fi Unity ṣe géèmù jẹun, ìwé àdéhùn ló ká mi lára, nítorí mo rántí ọdún 2019.

Ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ni David Helgason, Nicholas Francis àti Joachim Ante ti ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní GooBall. Kò tà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe láti fi kọ ọ́ dára ju géèmù ọ̀hún lọ, ni wọ́n bá pè é ní Unity, wọ́n sọ ọ́ di ọjà ní ọdún 2005, fún kọ̀ǹpútà Apple nìkan nígbà náà. Ohun tó fa àwa olówó kékeré mọ́ Unity ni pé kì í báni pín èrè. Unreal, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Epic ní, ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí géèmù bá pa kọjá iye kan. Ní ti Unity, wàá san owó ìlò, tàbí kí o má san rárá bí ọjà rẹ ṣì kéré. Èyí tó bá kù, tìẹ ni.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2019 nìyí: ní London, ilé-iṣẹ́ Improbable ní irinṣẹ́ kan, SpatialOS, tó ń jẹ́ kí èrò rẹpẹtẹ jọ máa ta géèmù kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Unity tún àdéhùn rẹ̀ kọ ní ìparí ọdún 2018. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2019, Improbable kéde pé Unity ti gba àṣẹ ìlò lọ́wọ́ àwọn, àti pé géèmù SpatialOS tí wọ́n bá fi Unity ṣe ti wọ gàù. Unity ní irọ́ ni, Improbable nìkan ni òun ń bá fà á. Ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Unity fi kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá gba ẹ̀dà Unity kan, tí kò sì kúrò lórí ẹ̀dà náà, àdéhùn tó bá ẹ̀dà ọ̀hún wá ni yóò máa dè é. Wọ́n tún kó àwọn àdéhùn wọn sórí GitHub, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yọ àti èyí tí wọ́n bá fi kún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìlà yẹn kúrò nínú àdéhùn. Ti orí GitHub náà ti wábi gbà ṣáájú. Àlàyé tí Unity ṣe lẹ́yìn náà ni pé àwọn tó ń wò ó kò tó nǹkan. (Ta ló ń ka ìwé àdéhùn lójoojúmọ́? Ọjọ́ ìjà là ń wá a.)

Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Unity kéde pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024, bí géèmù tí wọ́n fi Unity ọ̀fẹ́ ṣe bá pa $200,000 láàárín oṣù méjìlá, tí àwọn ènìyàn sì ti gbé e sórí ẹ̀rọ wọn ní ìgbà 200,000 láti ọjọ́ tó ti jáde, ogún sẹ́ǹtì ni Unity yóò gbà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá tún gbà á. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, sẹ́ǹtì méjì ni. Ẹ bá mi ṣírò ti géèmù ọ̀fẹ́ tó ń fi ìpolówó jẹun: bí mílíọ̀nù kan fóònù ní Amẹ́ríkà bá tún gbé e lẹ́yìn náà, gbèsè $200,000 nìyẹn, gbogbo ohun tó pa lọ́dún. Géèmù tó ti jáde ní ọdún 2016 náà wà nínú ẹ̀. Bí ẹni tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ fún télọ̀ bá padà wá ní kí ó máa san owó lórí gbogbo ẹni tó bá tún wọ aṣọ tó ti rán, ǹjẹ́ a ò ní bi í pé ta ló bá a dá a? Unity fúnra rẹ̀ ni yóò tún máa ka iye ẹ̀rọ!

Re-Logic, àwọn tó ni géèmù Terraria, fún Godot, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a tún lè fi ṣe géèmù, ní $100,000, wọ́n fún FNA, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ mìíràn, ní iye kan náà. Mega Crit, àwọn tó ṣe géèmù Slay the Spire, halẹ̀ pé àwọn yóò kó kúrò lórí Unity, Godot ni wọ́n sì fi ṣe Slay the Spire 2.

Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Unity tọrọ àforíjì, ó ní orí ẹ̀dà tó ń bọ̀ ní ọdún 2024 nìkan ni owó náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dá ìlà ọdún 2019 padà. Oṣù kẹwàá, ọ̀gá àgbà John Riccitiello kúrò lórí àga. Ọdún kan géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, Matt Bromberg tó wá jọba lẹ́yìn rẹ̀ fagi lé owó náà pátápátá. Ọjọ́ kan náà ló fi kún owó Unity Pro, èyí tí à ń sanwó ìlò fún, ó di $2,200 lọ́dún, ó sì sọ pé láti ọdún 2025 ni, fún ẹni tó bá fẹ́ rà á tàbí tó fẹ́ tún un san. Èmi kò rí àríwísí kankan sọ sí ìyẹn.