Ọ̀rọ̀ Ẹnu Lásán Kọ́: Bí Ìtàkùrọ̀sọ Ojoojúmọ́ Ṣe Di Iṣẹ́ Ọnà, àti Ohun Tó Fi Kan Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ilé ìwé la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Èyí tí mo gbé wá lónìí kò ní sìmẹ́ǹtì nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè lòun náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí a tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Bí àlejò bá ní kí ẹ fi ohun tó níye lórí jù nínú èdè ìlú wa han òun, kí lẹ máa mú jáde? Ẹlòmíràn á ní oríkì ìlú. Ẹlòmíràn á ní ẹsẹ Ifá, ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó. Mi ò rò pé ẹnì kankan á sọ pé, "Wá ká lọ sọ́jà, kí o lọ gbọ́ bí ìyá méjì ṣe ń ná ata." Ìyẹn, lójú wa, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ló ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa mọ́?

Ó dáa, àwọn kan ń kó o pa mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ láìronú, nínú mọ́tò, nídìí ọjà, lẹ́nu ọ̀nà, ni ayé gan-an wà. Ilẹ̀ wa níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti tètè rí i.

Ẹ wo gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ará Kétu àti àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn mọ̀ dáadáa. Kí gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án, ẹ̀fẹ̀ á ti jáde lóru. Kí ni ẹ̀fẹ̀ ń sọ? Ohun tí gbogbo ìlú ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ náà ni: ẹni tó jí, ẹni tó gbéraga, ìjòyè tó jẹ owó ìlú. Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu aráàlú, ó fi orin àti ẹ̀fẹ̀ wé e, ó sì dá a padà fún wọn ní gbangba. Lọ́dún 2001 ni àjọ UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bá a wọlé síbẹ̀. Lọ́dún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní arẹwà lòun nígbà kan rí, òun fi ayé òun ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, àìsàn ti wá dá òun gúnlẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, Isaac B. Thomas, ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀! Ní 1930 ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Kí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́? Bó ṣe kọ ọ́ ni. Sẹ̀gilọlá kò sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ó ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin Èkó tó jókòó tì yín. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á kẹ́dùn, á rántí orin kan, á tún padà. Ohùn tí àwọn òǹkàwé ń gbọ́ ní àdúgbò wọn lójoojúmọ́ ni, ìyẹn ni wọn ò fi lè fura.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí àwọn eléré tíátà. Ẹ jẹ́ ká mú Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo, ẹni tí eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, Kóòtù Aṣípa, jẹ́ ká máa wo bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ ọkọ àti aya, orogún àti orogún. Karin Barber, obìnrin onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn, ó bá wọn ṣeré, ó sì kọ ìwé ńlá kan nípa wọn, The Generation of Plays, tó jáde ní 2000. Ohun tó fi hàn wá nínú ìwé yẹn rèé: eré wọn kò ní ìwé tí wọ́n ń há sórí. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe máa lọ, eléré kọ̀ọ̀kan á sì wá ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìyálé á sọ ọ́ bí ìyálé tí òun mọ̀ nílé wọn ṣe máa sọ ọ́. Bí àwọn òǹwòran bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yẹn á gùn sí i lọ́la. Bí wọ́n bá dákẹ́, á kúrò. Ìtàkùrọ̀sọ ilé àti ọjà ni eré náà, àwọn eléré kàn tún un ṣe ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé Atọ́ka tún gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Fọ́tò àwọn eléré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì kọ ohun tí kálukú ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá lè ka Yorùbá díẹ̀ á gbádùn ẹ̀ délẹ̀. Ìtàn náà kò ní ohùn mìíràn ju ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú fọ́tò lọ.

Ní àsìkò Atọ́ka yìí kan náà, ní New York, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti di ohun tí èèyàn lè gbé káàkiri. Andy Warhol, ayàwòrán tó lókìkí, gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ondine. Wọ́n wá da ọ̀rọ̀ orí téèpù náà kọ sínú ìwé bó ṣe wà, pẹ̀lú àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà jáde ní 1968. Lọ́dún 1996, Kenneth Goldsmith, ará New York bákan náà, gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìyọ ọ̀kan. Ó fi í han aráyé ní gbọ̀ngàn àfihàn, ó tún sọ ọ́ di ìwé. Ẹ ò rí i bí? Ohun tí Adéjọbí ń ṣe lórí ìtàgé ní Òṣogbo, òyìnbó ń fi ẹ̀rọ wá a ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Adéjọbí ń ṣa ọ̀rọ̀, ó ń mú èyí tó dùn. Àwọn Warhol ní kí ẹnì kankan má ṣà á rárá, kí a gbọ́ èyí tó dùn àtèyí tí kò dùn.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé, sí Èkó. Emeka Ogboh, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Enugu ní 1977, kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nsukka. Ní nǹkan bí 2008 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ìlú Èkó sílẹ̀: kọ̀ńdọ́ tó ń pe Ọbáléńdé, ẹni tó ń polówó ọjà nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, ìwàásù inú mọ́tò, ariwo jẹnẹrétọ̀. Kò ya àwòrán kankan. Ohùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀, ó sì ti gbé e dé àwọn ìlú òyìnbó. Lọ́dún 2016, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Áfíríkà tó wà ní Washington, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Market Symphony. Ohùn ọjà Balógun ló gbà sílẹ̀ fún un. Ó wá fi àwọn sípíkà sára tíréè alálàwọ̀ mèremère, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń pàtẹ. Ẹni tó bá wọlé á máa gbọ́ ìpolówó, owó nínà àti ẹ̀rín láti inú tíréè.

Ará Washington tó gbọ́ ọ lè sọ pé ó dùn bí orin. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró síbẹ̀ á gbọ́ ju ìyẹn lọ. Á mọ ìgbà tí ọlọ́jà ń bínú gan-an àti ìgbà tó kàn ń díbọ́n. Á mọ̀ pé "ó tì o" kan túmọ̀ sí "fi díẹ̀ lé e," òmíràn sì túmọ̀ sí "máa lọ." Ìwé atúmọ̀ èdè kì í kọ irú ìmọ̀ yẹn síbẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ lásán la ti ń kọ́ ọ.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní oṣù kẹta 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, kò sì sí kọ̀ńdọ́ tó ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pariwo níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ tó kún Òṣòdì. Mi ò sọ pé kí wọ́n má tún ìlú ṣe o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ohùn Òṣòdì sílẹ̀ ní 2008, ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà mọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe pé ká ṣọ́ ẹnu. Mo rò pé a lè gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn pẹ̀lú: ohùn tí a kò bá gbé dáadáa, a kò ní rí i ṣà.

Lọ́dún 2007, Susan Hiller, obìnrin oníṣẹ́ ọnà ọmọ Amẹ́ríkà tó fi London ṣelé, ṣe fíìmù kan tí kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Ojú fíìmù náà dúdú ni. Ohùn àwọn tó ń sọ èdè tó ti kú, tàbí èyí tó ń kú lọ, lẹ ó máa gbọ́, ìtumọ̀ á sì máa hàn nísàlẹ̀. Inú àwọn ohùn tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ tipẹ́ ló ti ṣà wọ́n. Ìyẹn ni pé bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan gbé ẹ̀rọ lọ bá àgbàlagbà kan lọ́jọ́ kan, òkùnkùn nìkan ni ì bá kù.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Erékùṣù Man wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ó sì ní èdè tirẹ̀, Manx. Lọ́dún 1947, Éamon de Valera, olórí ìjọba Ireland, bẹ̀ wọ́n wò, ó sì pàdé Ned Maddrell, apẹja kan tó wà lára ìwọ̀nba àgbà díẹ̀ tó ṣì ń sọ èdè náà láti kékeré. Inú rẹ̀ kò dùn pé wọn kò gba ohùn àwọn àgbà náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ láti Ireland, wọ́n sì gbé e lọ lọ́dún 1948. Maddrell kú ní 1974, òun ló sì kẹ́yìn nínú wọn. Lónìí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní erékùṣù náà tó ń fi Manx kọ́ ọmọ láti 2001, ohùn àwọn àgbà yẹn sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Yorùbá kò kú, kò sì ní kú. Ẹ̀ka èdè ìlú wa ni mò ń sọ. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Èkó ń sọ Yorùbá ilé ìwé, àwọn ti London àti Houston ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Oríkì ìlú wa, a lè rí i kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ìyá wa àgbà ṣe ń bi ọmọ pé ṣé ó ti jẹun, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lára nídìí odò tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, ibo ló wà? Kò sí nínú ìwé kankan.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Nígbà tí ẹ bá wálé fún ọdún tàbí ìnáwó, ẹ fi fóònù yín gba ohùn àgbà méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Méjì ni mo wí. Bí ẹ bá da ìbéèrè bo ẹnì kan ṣoṣo, ohùn àlejò ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣa ẹ̀fọ́ lọ, kí wọ́n máa ta ayò lọ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbà á ní bòńkẹ́lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn kì í ṣe ti ìta. Ẹ sọ orúkọ wọn, agboolé wọn, ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gé e kúrú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì ó kéré tán, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, ó sì ń bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ẹnì kan lè ní, "Ọ̀nà wa ò dára, ẹ̀ ń sọ ti ohùn." Òótọ́ ni, ọ̀nà ò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a kò ṣe lọ́dún yìí, a ṣì lè ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá tó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún kò lè bá wa dúró de ìpàdé gbogbogbòò. Iṣẹ́ yìí kò sì ní ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Mo rọ ìgbìmọ̀ wa kí wọ́n fi í sínú ohun tí a máa jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀: ta ló máa gba àwọn ohùn náà jọ, ibo la máa tọ́jú wọn sí, ta ló sì lè gbọ́ wọn.

Ìlú wa á gbòòrò, àwọn àgbà wa á pẹ́ fún wa. Àṣẹ.