Oríta Inú Àyà: Ìtàn Ìlà Ọkàn àti Bí A Ti Ń Kà Á

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀rẹ̀ ti mọ ohun tí ń jẹ́ oríta. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró díẹ̀, kí èrò jẹun, kí wọ́n tó tún gbéra. Bí oríta náà bá dí, ará Èkó yóò mọ̀, ará Bìní náà yóò sì mọ̀. Irú oríta bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkàn ọmọ ènìyàn, ìwé pélébé kan sì wà tí ń ròyìn rẹ̀. Ìwé náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ECG, tí a lè pè ní ìlà ọkàn.

Iná kékeré kan ni ó ń mú ọkàn lù. Òkè yàrá ọ̀tún ni iná náà ti ń ṣẹ́, ní ibi tí Keith àti Flack ṣe àwárí rẹ̀ ní 1907. Yóò ràn ká yàrá òkè méjèèjì, yóò sì dé oríta tí Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣàlàyé ní 1906. Yóò dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kún yàrá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yára sọ̀ kalẹ̀, tí yàrá ìsàlẹ̀ yóò sì fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ jáde.

Augustus Waller ni ó kọ́kọ́ ya iná ọkàn ènìyàn sórí ìwé, ní London ní 1887, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò já gaara. Willem Einthoven, tí a bí ní erékùṣù Java ní 1860, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden ní ilẹ̀ Hóláǹdì, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1901 sí 1903. Okùn tín-ín-rín kan tí a ta sí àárín òòfà ni ọgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni ó ń tọ́ ẹ̀rọ náà. Aláìsàn yóò sì ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi iyọ̀. Òun ni ó fún òkè àti kòtò ìlà náà ní orúkọ P, Q, R, S àti T, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ní 1938, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ibi mẹ́fà ní àyà. Ní 1942, Goldberger fi mẹ́ta kún mẹ́ta ti Einthoven. Báyìí ni ojú méjìlá tí a fi ń wo ọkàn ṣe pé.

Ẹ̀rọ òde òní kò ju ohun tí a lè gbé lọ́wọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlànà yíya ìlà ní òfin tirẹ̀. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀ kí ara rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí gbígbọ̀n ara a máa da ìlà rú. Kí a nu òógùn kúrò. Nínú ètò àwọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù, wáyà pupa ni ti apá ọ̀tún, aláwọ̀ ìyeyè ti apá òsì, aláwọ̀ ewé ti ẹsẹ̀ òsì, dúdú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní àyà, ìka ni a fi ń ka egungun ìhà. V1 àti V2 wà láàárín ìhà kẹrin àti ìkarùn-ún, ní ọ̀tún àti òsì egungun àárín àyà. V4 wà láàárín ìhà karùn-ún àti ìkẹfà, ní ìsàlẹ̀ ìdajì egungun èjìká òsì. V3 wà láàárín V2 àti V4. V5 àti V6 bá V4 dọ́gba, ọ̀kan ní iwájú abíyá, ìkejì ní ìsàlẹ̀ àárín abíyá. Bí a bá pààrọ̀ wáyà apá méjèèjì, ìlà kìíní yóò dojú délẹ̀, àìsàn yóò sì wà lórí ìwé tí kò sí lára ènìyàn.

Kíkà rẹ̀ náà ní ètò. Ìwé a máa rin mìlímítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpótí kékeré jẹ́ 0.04 ìṣẹ́jú-àáyá, àpótí ńlá jẹ́ 0.2. Bí ọkàn bá ń lù déédéé, kí a ka àpótí ńlá tí ó wà láàárín R méjì, kí a sì fi iye rẹ̀ pín 300: bí ó bá jẹ́ 4, ọkàn ń lù ní ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ṣé P ń ṣíwájú QRS kọ̀ọ̀kan? Láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ QRS, àpótí kékeré mẹ́ta sí márùn-ún ni ó tọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oríta ni ìdádúró sábà máa ń wà. Ìkẹyìn ni ST àti T, níbi tí ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ti máa ń ké gbàjarè.

Ibi tí ìtàn náà ti kan ilé wa gan-an ni òdiwọ̀n. Ní 1949, Sokolow àti Lyon ní Amẹ́ríkà sọ pé bí jíjìn S ní V1 àti gíga R ní V5 tàbí V6 bá pé mìlímítà 35, iṣan yàrá ìsàlẹ̀ òsì ti nípọn, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti máa ń sọ ọ́ dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi wọn adúláwọ̀, ìlà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ST wọn a sì gbéra díẹ̀, láìsí àìsàn kankan. Ní 1966, Seriki àti Smith tẹ ìwádìí jáde lórí ìlà ọkàn àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ní 1996, Araoye gbé òdiwọ̀n tí ó bá adúláwọ̀ mu jáde.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Àgbẹ̀ kòkó tí ara rẹ̀ dá lè pa oko tì nítorí ìlà tí a ṣì kà. Àṣìṣe òdìkejì sì burú jù: kí a máa wí pé bẹ́ẹ̀ ni ti adúláwọ̀ rí, kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sì padà sílé láìgba ìtọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, tí a bí ní Oǹdó ní 1933, tí ó sì ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn kí ó tó di olóògbé ní 2020, ni ó darí ìgbìmọ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997: bí ènìyàn 11 nínú 100 tí ó ti pé ọdún 15 ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé 160/95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, a kì í jẹ́ kí ìwé dá ẹjọ́. A ó kọ́kọ́ wo aláìsàn, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó bi í bí àyà bá ń dùn ún, kí a tó yíjú sí ìlà. Ní 1905, Einthoven gba ìlà ọkàn láti ilé ìwòsàn wá sí ilé ìwádìí rẹ̀ lórí wáyà tẹlifóònù, ọ̀nà bí kìlómítà kan àbọ̀. Lónìí, ìlà tí a yà ní Odígbó lè dé ojú onímọ̀ ní Ìbàdàn kí aláìsàn tó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá ti ṣì lọ́wọ́ ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, àṣìṣe náà ni yóò kọ́kọ́ dé Ìbàdàn.