Iná Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn àti Iná Ìparí Ẹ̀ẹ̀rùn: Àgbéyẹ̀wò Ìlò Iná láàárín Àwọn Àbòríjìnì Ọsirélíà

Ní ọdún 1969 ni Rhys Jones, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, fún ìlò iná àwọn Àbòríjìnì, ìyẹn àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Ọsirélíà, ní orúkọ tó túmọ̀ sí oko ríro pẹ̀lú ògúnná. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bóyá ọwọ́ ènìyàn ló sọ ilẹ̀ náà di bó ṣe rí. David Horton tako Jones ní ọdún 1982, ó ní iná àwọn Àbòríjìnì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mànàmáná ìbá dá sílẹ̀. Èrò yìí ṣì ní ọmọlẹ́yìn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé irú iyàn bẹ́ẹ̀ ka iná sí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ iná méjì ni.

Èkíní ni iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Arnhem Land, ní àríwá Ọsirélíà, bí wọ́n bá tiná bọ koríko ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ìdí koríko ṣì tutù, ìrì sì ń sẹ̀ lóru. Iná náà a máa rọra rìn, a ba ìdí igi láìdé orí ewé, bílẹ̀ bá sì ṣú, ó lè kú fúnra rẹ̀. Èkejì ni iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kẹjọ síwájú, nígbà tí koríko ti gbẹ táútáú tí atẹ́gùn sì le. Eléyìí a gun orí igi, a sì jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Pápá tí iná kìíní bá ti jó, iná kejì kì í rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Mànàmáná kì í sì í sábà kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí òjò bá ń múra àtirọ̀ ló ń kọ. Ta ló wá dá iná kìíní, bí kì í bá ṣe ènìyàn? Ẹni tó ka méjèèjì mọ́ ọ̀kan dà bí ẹni tó ní òjò wínníwínní àti òjò oníjì kò yàtọ̀.

Ẹ̀rí aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà gbe èyí lẹ́sẹ̀. Nínú ìwádìí tí Rebecca Bliege Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2008, àwọn obìnrin Martu, ìyẹn ẹ̀yà Àbòríjìnì kan ní aṣálẹ̀ náà, a máa sun koríko ẹlẹ́gùn-ún tí à ń pè ní spinifex nígbà òtútù, kí ojú ihò alángbá ńlá tó jọ awọ́nrínwọ́n lè hàn kedere lórí eérú. Nyurnma ni wọ́n ń pe ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó; nyukura ni ibi tí ewéko jíjẹ ti ń so padà. Ilẹ̀ a wá rí bí aṣọ eégún alábala: ojú iná kéékèèké pọ̀ níbi tí Martu ti ń ṣọdẹ, ṣùgbọ́n níbi tí mànàmáná nìkan ti ń jọba, ojú iná kò pọ̀, ó sì fẹ̀ lọ salalu.

Kò bójú mu kí a fi aṣálẹ̀ àti àríwá ṣe òdiwọ̀n gbogbo Ọsirélíà, nítorí igbó tútù ní òfin tirẹ̀. Síbẹ̀, ó jọ pé ibi tí ẹ̀rí wà ti tó láti dá iyàn Horton dúró. Láti ọdún 2006, ní ìwọ̀-oòrùn Arnhem Land, lórí ilẹ̀ tó tó 28,000 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn Àbòríjìnì ti padà sí iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ amáyégbóná tó ń bọ́ sójú ọ̀run sì ti dín kù.

Ọ̀rọ̀ iná méjì yìí kan ilẹ̀ Yorùbá náà. Ní igbó ọba Olókemèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní ọdún 1929: wọ́n ń sun abala kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òmíràn ní ìparí, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta di igbó, ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wà ní pápá, ti ìbẹ̀rẹ̀ sì ní igi ju ti ìparí lọ. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà ka igi. Ohun tó kù láti kà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ agbègbè náà ń lò fún iná àkókò kọ̀ọ̀kan. Àkójọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni iṣẹ́ tó kàn, ó sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè.