Eyín Ìdè àti Omi Ilé

Omi kò ní ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń wí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ilé lè di ọ̀tá onílé. Ní Róòmù àtijọ́, òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù omi, nítorí pé ó rọ̀, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Vitruvius, tí ó kọ ìwé nípa ilé kíkọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní ṣáájú ìbí Jésù, kìlọ̀ pé páìpù amọ̀ sàn ju ti òjé lọ. Ó ti rí i bí ara àwọn tí ń yọ́ òjé ṣe máa ń ṣì. Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́ nínú òjé. Orúkọ tí wọ́n ń pe òjé, plumbum, ni Gẹ̀ẹ́sì yá lò fún oníṣẹ́ omi, òun náà ni ó di púlọ́ḿbà lẹ́nu Yorùbá.

Iná ni a fi ń jó páìpù òjé pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Ìdè oníyíyí ni ìbá gba onílé, ṣùgbọ́n ìlà tí ó yí ara ìdè ká, èyí tí a lè pè ní eyín ìdè, kò dọ́gba. Bí alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ ni ó ń gé tirẹ̀. Ní ọdún 1841, Joseph Whitworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó oríṣiríṣi ìdè jọ, ó sì dábàá òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ní ọdún 1845, ilé iṣẹ́ Guest and Chrimes ní Rotherham gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ omi tí a ń yí orí rẹ̀ kí ó lè tẹ ìdérí kékeré mọ́ ojú omi.

Ọgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí bá ìjọba amúnisìn dé Èkó. Ní ọdún 1908, àwọn ará Èkó fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1915, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù. Láti ìgbà náà ni òṣùwọ̀n páìpù Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti inú ti Whitworth jáde, ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Àǹfààní rẹ̀ hàn nígbà tí onílé tí kò kọ́ṣẹ́ rí bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ omi tí ń jò. Yóò kọ́kọ́ ti omi pa, yóò ṣí ẹ̀rọ náà kí èyí tí ó kù lè ṣàn tán, yóò sì gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Yóò fi sípánà tú ìdè, yóò wé téèpù funfun mọ́ eyín tuntun bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, àfi ibi tí rọ́bà bá wà nínú ìdè, nítorí rọ́bà náà ni yóò dí i. Ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi de ìdè kí ó tó fi sípánà fún un díẹ̀. Àdéjù a máa fọ́ idẹ.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra. Eyín páìpù Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní ìlàjì íńṣì jẹ́ 14 nínú íńṣì kan, ti Amẹ́ríkà náà jẹ́ 14. Síbẹ̀ igun eyín Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìwọ̀n 55, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Wọ́n lè gbá ara wọn mú, kí wọ́n sì máa jò.

Ní ti òjé, ọdún 1986 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de páìpù òjé tuntun. Àwọn ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ìlú Flint yí orísun omi rẹ̀ padà ní ọdún 2014, òjé sì wọ inú omi tí àwọn ọmọdé ń mu. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ tí Vitruvius ti kìlọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe omi tí ń jò nìkan ni ó yẹ kí onílé wò nígbà tí ó bá tú páìpù àtijọ́. Ó yẹ kí ó wo ohun tí a fi ṣe é pẹ̀lú.